Ọmọ mi fẹ́ di sàíkọ́lọ́jíìsì ilé ìwòsàn: ṣé dandan ni kó kọ́kọ́ ṣe dókítà?

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, Òkè-Fìà ní Òṣogbo ni mo ń gbé. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS3, ó ní clinical psychologist lòun fẹ́ dà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní iṣẹ́ wèrè niyẹn, pé kò ní rí ọkọ fẹ́. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ ka iṣẹ́ dókítà ná. Ẹlòmíràn ní ọdún mẹ́rin péré ni, pé tó bá ti gba digirì, iṣẹ́ ti yá. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ọdún mélòó ni gan-an, níbo ló sì ti máa kà á? Èrè aṣọ tí mò ń tà ní Ọjà Ọba ni mo fẹ́ fi rán an."

* * *

Ìyá wa, olùkọ́ yẹn da iṣẹ́ méjì pọ̀ ni. Dókítà ọpọlọ yàtọ̀ sí sàíkọ́lọ́jíìsì, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú wọ́ọ̀dù kan náà. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà ọpọlọ yóò ka ìṣègùn fún ọdún mẹ́fà, yóò ṣe housemanship ọdún kan, yóò ṣe àgùnbánirọ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ bí ọdún mẹ́fà míì lórí àìsàn ọpọlọ. Òun ló ń kọ oògùn. Sàíkọ́lọ́jíìsì kì í kọ oògùn ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó yẹ ìrònú, ìrántí àti ìwà èèyàn wò, kó sì fi ọ̀rọ̀ àti ìdánrawò tọ́jú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí ọkàn rẹ̀ yóò fi lélẹ̀. Kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ gba ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọjá.

Ọ̀nà ọmọ yín nìyí: ọdún mẹ́rin fún digirì àkọ́kọ́ nínú sàíkọ́lọ́jì, ọdún kan fún àgùnbánirọ̀, bí ọdún méjì fún máásítà nínú clinical psychology, àti ìkọ́ṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn lábẹ́ ọ̀gá. Ẹ kà á sí ọdún méje tàbí mẹ́jọ bí nǹkan kan ò bá dí i lọ́wọ́. Nǹkan sì máa ń dí i lọ́wọ́. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2022 nìkan gba oṣù mẹ́jọ. Sàíkọ́lọ́jíìsì ilé ìwòsàn lèmi náà: ọdún mẹ́rin tèmi di márùn-ún àbọ̀, máásítà tí mo rò pé màá fi ọdún méjì ṣe sì wọ ọdún kẹrin, torí ọ̀gá tó yẹ kó ka iṣẹ́ ìwádìí mi rìnrìn àjò, kò sì sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fi èyí dẹ́rù bà yín. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ lè fi owó ọdún kan pamọ́ sẹ́yìn owó tí ẹ bá ṣírò.

* * *

Arákùnrin kan dá sí i. Ó ní òun ti gba BSc tòun, òun ò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi tún lọ lo ọdún mẹ́ta sí i. Ó ní àwọn èèyàn ń bá òun sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, wọ́n ń sanwó, ara wọn sì ń yá.

Àbúrò mi, mi ò gbà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn wà lẹ́yìn rẹ. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, àwọn kan á ní digirì ti tó, pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí ẹlòmíràn. Àwọn kan á ní ẹni tí kò bá tíì gba Ph.D. kò tíì ṣe nǹkan kan. Èmi ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn.

Ẹ wo ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Òṣogbo níbí. Ó lè mọ orúkọ gbogbo aṣọ, kó mọ iye yáàdì tí ń lọ sí bùbá àti ìró, kó tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé láìṣì í. Bí kò bá tíì jókòó ti ọ̀gá, kó gé aṣọ oníbàárà lójú ọ̀gá, kó gé e ṣì, kí ọ̀gá fi ibi tó ti ṣì í hàn án, ta ló máa bá a ṣe frídọ̀mù? BSc ni mímọ orúkọ aṣọ. Wọ́n á kọ́ ọ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé, nípa ọpọlọ àti iṣan, nípa ìwà àwùjọ, nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí. Gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́rin yẹn, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó jẹ́ kí aláìsàn kan ṣoṣo jókòó síwájú rẹ.

Ìgbà tó bá di máásítà ni wọ́n ń kọ́ni bí a ṣe ń fọ̀rọ̀ wá aláìsàn lẹ́nu wò, bí a ṣe ń fi ìdánwò Wechsler wọn òye, bí a ṣe ń ka MMPI, ìyẹn ìdánwò lórí ìwà àti ipò ọkàn, bí a ṣe ń ṣe CBT, ìyẹn ìtọ́jú tó ń fi ọ̀rọ̀ tún ìrònú àti ìwà ṣe, láti ìpàdé àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn. Wọ́n á wá rán ọ lọ sí wọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Lóru ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń sanwó fún ọ bá kọ̀wé sí ọ pé òun ò fẹ́ rí ilẹ̀ ọ̀la, ta lo máa pè? Ilé ìwòsàn wo ló mọ̀ ọ́, tí o lè gbé e lọ láago mọ́kànlá? Bí o kò bá ní ìdáhùn, jọ̀ọ́, juwe ibòmíràn fún àwọn èèyàn yẹn lónìí. Mo ti jókòó ti ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ fi oṣù márùn-ún bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọmọ náà ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Dókítà àti oògùn ló yẹ kó kọ́kọ́ rí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn, torí ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ wọn kò rí irú rẹ̀ rí.

* * *

Kó má dà bíi pé mò ń dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Ọdún àkọ́kọ́ ìkọ́ṣẹ́ mi ni. Wọ́n ní kí n yẹ obìnrin oníṣòwò kan wò, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo mú ìwé ìbéèrè Beck jáde, èyí tí Aaron Beck gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1961, tó ní ìbéèrè 21 lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo bá ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. "Ṣé inú yín máa ń bàjẹ́?" Ó ní rárá, òun dúpẹ́. "Ṣé ẹ máa ń rò pé ẹ ti kùnà láyé?" Ó wò mí bí ẹni tó ń ṣépè fún òun, ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo ro máàkì rẹ̀ pọ̀, kò tó nǹkan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìrẹ̀wẹ̀sì.

Ọ̀gá mi ka ìwé náà, kò sọ̀rọ̀. Ó ní kí n pe ìyá náà padà. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó ní, "Ìyá, báwo ni orí?" Obìnrin yẹn sọ̀rọ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Nǹkan ń rìn lórí òun bíi kòkòrò, ó ń lọ láti ìpàkọ́ dé iwájú. Ó ń dún wíí ní etí. Àyà ń já òun láìsí ohun tó dẹ́rù bà òun. Òun kì í sùn, láti ìgbà tí ọmọ òun ọkùnrin ti kú. Ọdẹ orí ni àwọn ará ilé ń pè é.

Roger Makanjuola ti kọ̀wé lórí ọdẹ orí láàárín àwọn aláìsàn Yorùbá ní 1987. Ṣáájú ìyẹn, ní 1960, Raymond Prince ti ṣe àpèjúwe ohun tó ń ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa, tí orí wọn ń gbóná, tí nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, tí ìwé kò wọlé mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní brain fag. Mo ka ti Prince fún ìdánwò ní yunifásítì, mo sì gba máàkì tó dára nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ń ṣe jókòó síwájú mi, mi ò dá a mọ̀.

Ọ̀gá mi kò bú mi. Ó ní kí n lọ kọ gbogbo ohun tí ìyá náà sọ sílẹ̀ lédè Yorùbá, bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde gan-an, kí n tó túmọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ṣì ń ṣe é títí di òní. Ọkàn mi ò lélẹ̀. Orí mi ń fò. Inú mi ń gbóná. Ara mi kò gbélé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ń tọ́ka sí, kò sì sí kíláàsì kan tí wọ́n ti kọ́ mi.

Ohun tó mú kí n sọ ìtàn yìí ni pé bí kò bá sí ọ̀gá yẹn, ìwé tí mo kọ ì bá ti wọ fáìlì, ìyá náà ì bá padà sílé pẹ̀lú ọdẹ orí rẹ̀, èmi ì bá sì máa rò pé mo ṣe dáadáa.

* * *

Ìyá wa tún béèrè ti ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn, pé mi ò fèsì sí i.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá pé lóòótọ́, àwọn tí orí wọn dàrú wà lára àwọn tí à ń tọ́jú, a kì í sì í tijú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn míì tó ń wọlé wá pọ̀: ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú tí kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, ọmọ tí kò lè kàwé bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, abiyamọ tí kò fẹ́ gbé ọmọ tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin tí tramadol ti sọ di ẹrú, aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tí ìrora ti sú. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ló ní àna.

Dókítà ọpọlọ kan, Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ló bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, ní 1954. Àwọn aláìsàn ń wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, ẹbí wọn ń bá wọn gbé, wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, kò sì kọ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ó padà di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO. Kò sẹ́ni tó pe tiẹ̀ ní iṣẹ́ wèrè lẹ́yìn ìyẹn. Òfin ilẹ̀ wa gan-an ti kúrò níbẹ̀: òfin ayé òyìnbó tí ń pe àwọn aláìsàn wọ̀nyí ní asínwín nínú orúkọ rẹ̀, tí wọ́n tún gbé jáde ní 1958, ni òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2023 rọ́pò.

Ti ọkọ fífẹ́: mo ní ọkọ, mo sì bímọ mẹ́ta.

* * *

Ẹnì kan láti Òkè Báálẹ̀ ní òun ka Guidance and Counselling, òun sì ń ṣe olùdámọ̀ràn ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ṣé òun lè bọ́ sí máásítà clinical lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?

Lọ́pọ̀ ibi, rárá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ni tiyín ti wá, ọ̀pọ̀ máásítà clinical psychology sì fẹ́ digirì sàíkọ́lọ́jì gan-an, ó kéré tán Second Class Lower. Àwọn kan máa ń gba ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe PGD, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn digirì, nínú sàíkọ́lọ́jì. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù. Àwọn tó ní iṣẹ́ yín kéré sí tiwa ń ṣìnà. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ rí ọmọ tó ti dákẹ́ jù nínú kíláàsì, bí ẹ bá sì rán an sí wa lásìkò, ìdajì iṣẹ́ wa ti tán.

* * *

Ibi tó ti lè kà á.

Tí ẹ bá dúró ní Ọjà Ọba, Ẹdẹ kò jìnnà sí yín: Redeemer's University wà níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ sàíkọ́lọ́jì, ṣùgbọ́n aládàáni ni, owó rẹ̀ ga. Ti ìjọba àpapọ̀ tó sún mọ́ wa ni OAU ní Ifẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ University of Ibadan. Adó-Èkìtì, Àkùngbá àti Àgọ́-Ìwòyè náà ní in ní yunifásítì ìpínlẹ̀ wọn. Fún owó aṣọ títà, ti ìjọba ni kẹ́ ẹ dojú kọ. Ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí òfin rẹ̀ jáde ní 2024, NELFUND, máa ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà sí yunifásítì ìjọba, kò sí fún aládàáni. Gbèsè ni o, ọmọ ni yóò san án tó bá ti ríṣẹ́, nítorí náà ẹ jọ jókòó sọ ọ́ kó tó fọwọ́ sí i.

Owó oṣù wá ńkọ́? Ẹnì kan ní kò sí owó níbẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ìjọba, ìlànà owó oṣù tí wọ́n ń pè ní CONMESS ni wọ́n fi ń san owó dókítà, èyí tí wọ́n ń pè ní CONHESS ni tiwa, bíi ti àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ti dókítà ju tiwa lọ, ó sì ti fa àríyànjiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò ní parọ́ fún ìyá tó ń ta aṣọ pé ọmọ rẹ̀ máa lówó kíákíá. Ó máa jẹun, ó máa san owó ilé. Àyè iṣẹ́ ni kò pọ̀: ilé ìwòsàn míì wà tí gbogbo ìlú ńlá kan ń lọ, síbẹ̀ ẹni méjì péré ni wọ́n gbà síṣẹ́ wa níbẹ̀. Inú ń bí mi sí èyí, torí aláìsàn ń fi oṣù méjì dúró kí ó tó kàn án, ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀ sì wà nílé tí kò ríṣẹ́.

* * *

"Kó kúkú lọ sí òkè òkun tààrà." Ẹni mẹ́ta ló ti sọ èyí.

Kó lọ tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó mọ ohun tó ń lọ bá. Máásítà Nàìjíríà kò lè sọ ọ́ di clinical psychologist ní Amẹ́ríkà. Ph.D. tàbí PsyD, ìyẹn digirì dókítà nínú sàíkọ́lọ́jì, ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀, ọdún márùn-ún sí méje, tí ìkọ́ṣẹ́ ọdún kan wà nínú rẹ̀, kó tó ṣe EPPP, ìdánwò ìwé àṣẹ àwọn sàíkọ́lọ́jíìsì, kí ìpínlẹ̀ tó wà tó fún un ní ìwé àṣẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, digirì dókítà nínú clinical psychology, ọdún mẹ́ta, ni, kì í ṣe ti ìṣègùn. Ilé iṣẹ́ ìlera wọn ló ń sanwó fún ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é, nítorí náà èrò tó ń du ààyè rẹ̀ kì í ṣe kékeré, kò sì sẹ́ni tó lè pe ara rẹ̀ ní orúkọ yẹn láìjẹ́ pé HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀ níbẹ̀, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, máásítà ni wọ́n ń béèrè, ṣùgbọ́n ìkọ́ṣẹ́ ọdún kan àti iṣẹ́ ìlú ọdún kan ń tẹ̀ lé e.

Ẹ kíyè sí i pé gbogbo wọn ló ní ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá nínú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fò ó. Àwa nìkan là ń jiyàn bóyá ó pọn dandan.

* * *

Àbúrò tó ń ṣe WhatsApp padà wá. Ó ní òun ti ronú sí i, òun fẹ́ ra fọ́ọ̀mù máásítà, kí lòun máa wò? O ṣeun gan-an, inú mi dùn.

Má fi orúkọ yunifásítì nìkan ṣe é. Lọ síbẹ̀, wá akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún kejì, bi í pé: ilé ìwòsàn wo ni wọ́n rán ọ lọ, oṣù mélòó lo lò níbẹ̀, ta ló jókòó tì ọ́ nígbà tí o ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Bó bá dárúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò tàbí ti Yábà, UCH ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Ifẹ̀ tàbí irú wọn, tó sì lè sọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ tún ṣe lọ́wọ́ rẹ̀, ra fọ́ọ̀mù. Bó bá ní lẹ́tà kan ni wọ́n kọ fún òun pé kóun lọ wá ibi tóun máa lọ fúnra òun, tí ẹnikẹ́ni kò sì yọjú síbẹ̀, fi owó rẹ sápò. Máásítà irú bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ọ̀rẹ́ mi kan ṣe. Ó ní láti tún lọ fi ọdún kan gbáko kọ́ṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ kó tó lè dá aláìsàn mú.

* * *

Ìyá wa ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: "Ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò níbi ìdánwò mock. Olùkọ́ ní kò ṣe nǹkan kan, pé sàíkọ́lọ́jì kì í ṣe ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì."

Ó ṣe nǹkan, mà. Ìṣirò wà lára kírẹ́díìtì márùn-ún tí wọ́n máa béèrè, òun àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá sì wọlé tán, ìṣirò ń dúró dè é nínú ọgbà: ìmọ̀ ìṣirò oníwádìí (statistics) ni iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbé wọ ọdún míì. Ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB ni kẹ́ ẹ fi yan àwọn iṣẹ́ yòókù, torí wọn ò béèrè ohun kan náà ní Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Bó bá ń ṣe Biology, kó má fi í sílẹ̀, ó máa ràn án lọ́wọ́ tí wọ́n bá dé orí ọpọlọ.

Bí ẹ bá ní owó kan tí ẹ fẹ́ fi ra fọ́ọ̀mù yunifásítì aládàáni, ẹ fi wá olùkọ́ ìṣirò fún un láti ọ̀sẹ̀ yìí títí di ọjọ́ tí WAEC máa bẹ̀rẹ̀.